Yàrá Tí Màmá Máa Sọ̀kalẹ̀ Sí

Bọ̀ọ̀dá mi lè sùn níbikíbi. Mo ti rí i tó sùn sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun, tí àwọn oníbàárà mi ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí i tó sùn lórí ìdúró, tó fi èjìká ti ògiri, tí ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì rẹ̀ sì ń ròyìn ilé ìwé fún un bí ẹni pé ó ń gbọ́. Ọ̀gá Òru ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Nígbà tí gbogbo ayé bá ń ti ilẹ̀kùn ni òun ń jáde. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i ni òun ń wọlé, ìyẹ̀fun á wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ àti nínú etí rẹ̀. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Búrẹ́dì tí ẹ fi ń mu tíì láàárọ̀, tí ẹ ń sọ pé ó ti le jù, ẹnì kan ni kò fojú ba oorun nítorí rẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún ẹni tó bá ń da èérún búrẹ́dì nù níwájú mi, bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í pè mí síbi oúnjẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ ayé: kó máa sùn lálẹ́, kó sì máa jí láàárọ̀ bí ọmọ ènìyàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó gbé òun lọ sí iṣẹ́ ọ̀sán. Ọ̀gá á ní kó ṣe sùúrù, ààyè á yọ. Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú Bọ̀ọ̀dá mi ti pọ́n jù, mi ò sì fi òwe sọ ọ́. Àwọ̀ ojú rẹ̀ gan-an ni mò ń wí.

Lọ́dọ̀ mi ni ìyá wa ń gbé, ní àjà kẹta, nínú yàrá kan tí mo háyà. Nígbà tí a gba yàrá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le. Lẹ́yìn náà ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àtẹ̀gùn sì di òkè ńlá. Ìgbà tí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kẹ́yìn, èmi àti káfíńtà tó ń gbé nísàlẹ̀ la fi àga gbé e sọ̀kalẹ̀, àwa náà la sì gbé e padà. Nígbà tó jókòó tán sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ ṣé o. Àmọ́ mi ò tún lọ mọ́, àfi tó bá jẹ́ pé mi ò ní padà sókè yìí." Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ni Màmá ń jókòó sí.

Ẹ má rò pé obìnrin tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ ni ìyá wa. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ta òwú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Kó gbọ́ ohùn èèyàn, kó dá a lóhùn, kó bú u díẹ̀, kó bá a rẹ́rìn-ín, ohun tó fi ń gbé ẹ̀mí ró nìyẹn. Láti àjà kẹta, àtàrí nìkan ló ń rí. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Mo mọ ẹni tí irun ẹ̀ ń já. Mo mọ ẹni tó ń pa irun láró. Àmọ́ mi ò mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́." Mo ní kó kúkú máa juwọ́ sí àwọn tí irun wọn ń já, kó máa darí wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún yíjú sí fèrèsé. Mo ti wá yàrá ìsàlẹ̀ káàkiri. Èyí tí owó mi ká, omi ń wọ inú rẹ̀. Èyí tí omi kì í wọ̀, ọwọ́ mi kò tó o.

Bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé onílé Bọ̀ọ̀dá ní kí wọ́n wá ibòmíràn, ọmọ òun fẹ́ kó wọlé. Bọ̀ọ̀dá ní kàkà kí òun tún lọ máa san owó ilé fún ẹlòmíràn, òun á kúkú ra tòun, kí òun máa san án fún báǹkì díẹ̀díẹ̀, kí Màmá sì ní yàrá nísàlẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, ojú rẹ̀ là. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí ojú rẹ̀ là bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Alágbàtà ilé tí a bá pàdé so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí bí ẹni tó so ìlẹ̀kẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Ó mú wa lọ sí ilé kan tó ní yàrá mẹ́ta àti pálọ̀. Ògiri rẹ̀ funfun, ẹ̀rọ omi wà nínú àgbàlá, ẹnu ọ̀nà kò sì ní ju àtẹ̀gùn kan lọ. Ìyá Ìbejì, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, ń fọwọ́ tọ́ ògiri wò. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán nílé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń bá a pariwo. Nígbà tí a dé yàrá kẹta, Bọ̀ọ̀dá ní, "Ti Màmá nìyí. Ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá bẹ́ẹ̀dì wọn á gbà síbẹ̀." Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ó na ẹsẹ̀. A dúró kó dìde. Kò dìde, ó ti sùn lọ.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wò mí. Ó ní, "Ṣé ara wọn le ṣá?"

Mo ní, "Ara wọn le. Ilé yín ló tù wọ́n lára."

A jókòó sórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo náà títí ó fi jí. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ń fojú inú wo Màmá lórí àtẹ̀gùn náà, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, tó ń bá gbogbo ẹni tó ń kọjá jà lórí bí wọn ò ṣe kí òun.

Ní báǹkì, ọmọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló gba ìwé owó oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti báǹkì yàtọ̀, ìwé owó oṣù ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ilé fún èèyàn. Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Bàbá, ẹ lè rà á. Tí a bá pín owó tó ń wọlé fún yín sọ́nà mẹ́wàá, mẹ́rin lẹ ó máa san lóṣooṣù. Agbára yín ká a." Kò parọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ló kà. Bọ̀ọ̀dá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló kọ́ ilé náà.

Láti báǹkì, ọ̀dọ̀ Màmá ló gbà lọ. Ó gun àtẹ̀gùn mi láìdúró sinmi, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Màmá, ẹ ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀ o. Kí òjò tó dá, ẹ̀yin náà á ti máa rí ojú èèyàn."

Màmá ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìyẹ̀fun kúrò ní etí Bọ̀ọ̀dá, bó ṣe máa ń nu ẹrẹ̀ kúrò níbẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní, "Ṣé apá rẹ ká a, ọmọ mi?"

"Báǹkì ní ó ká a, Màmá."

Ilẹ̀ mọ́, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó di aṣọ, ó di àwo, ó di ife. Tí mo bá fẹ́ mu omi, àfi kí n tú ẹrù. Mo kùn, ó ní kí n fara dà á, ọjọ́ kò jìnnà mọ́.

Ohun kan wà tí ìwé owó oṣù náà kò sọ fún báǹkì. Ẹnì kan tí òun àti Bọ̀ọ̀dá jọ ń ṣiṣẹ́ ti dá lápá níbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ló gbá a. Láti ìgbà náà ni Bọ̀ọ̀dá ti ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, tí wọ́n sì ń san owó àṣekún fún un. Oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ìwé náà, oṣù àṣekún ni wọ́n. Apá ọkùnrin náà ti wá ń jinná. Tó bá padà dé, àṣekún tán. Ọ̀gá sì ti ṣèlérí pé tó bá ti padà dé, Bọ̀ọ̀dá á bọ́ sí iṣẹ́ ọ̀sán. Gbogbo èyí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa, a kàn ń wo ògiri funfun yẹn ni.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá kì í ra búrẹ́dì ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ti ilé. Bí èèyàn ṣe ń fi iṣẹ́ sinmi iṣẹ́ kò yé mi, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kan báyìí. Ó po ìyẹ̀fun tán, ó gé e sí mẹ́wàá, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n, ó tò wọ́n sórí tíréè, ó fi aṣọ bò wọ́n kí ìwúkàrà ṣiṣẹ́. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì sùn. Nígbà tí Ìyá Ìbejì jí i, obìnrin náà ti ká aṣọ kúrò. Gbogbo rẹ̀ ti wú, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ara wọn.

Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, ó mà ti pọ̀ o. Ó ti di ìlọ́po méjì. Ṣé ká tà á ní ìlọ́po méjì?"

Bọ̀ọ̀dá nu ojú. "Afẹ́fẹ́ ni. Bó ṣe wúwo tó kó tó wú náà ló ṣe wúwo báyìí. Ẹni tó bá ń ta wíwú fún èèyàn, olè ni."

"Ìgbà wo lẹ wá ń wọ̀n ọ́n níbi iṣẹ́?"

"Kó tó wú. Ìgbà wo la tún fẹ́ wọ̀n ọ́n?"

"Ìwé owó oṣù tí ẹ gbé lọ sí báǹkì ńkọ́? Kó tó wú lẹ wọ̀n ọ́n, àbí lẹ́yìn tó wú?"

 Bọ̀ọ̀dá wo tíréè náà títí. Mo rí i pé ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kò jẹ́ kó lè bínú. Láti ìgbà tó ti ń ṣe búrẹ́dì, kò tíì fojú wọn ìyẹ̀fun tó ti wú rí, àfi ìgbà tó kan ilé ara rẹ̀.

Ìyá Ìbejì mú mẹ́ta kúrò nínú mẹ́wàá, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Èyí ni ti ọkùnrin tó dá lápá yẹn. Ó ń padà bọ̀ wá gbà á." Ó ku méje. Ó sún mẹ́ta, ó ní oúnjẹ nìyí. Ó sún ọ̀kan, ó ní ilé ìwé àwọn ọmọ. Ó sún òmíràn, ó ní ọkọ̀, iná, omi, oògùn Màmá. Ó ku méjì. "Méjì yìí ni ilé. Owó aṣọ tí mò ń rán ò sí níbẹ̀ o. Tìyẹn, àfi tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé ló tó ń wú. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ de ìgbà tí òrùlé bá ń jò."

Ara mi kò gbà á. Mẹ́rin ni báǹkì wí, méjì lòun ń wí, ìdajì tó gé kúrò yẹn, inú rẹ̀ ni yàrá ìyá mi wà. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ìyá tìrẹ ń gbé nísàlẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà le, mo sì fẹ́ kó le.

Kò gbé ojú sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Àmọ́ ọkọ kan ṣoṣo ni mo ní. Tí wọ́n bá ra ilé yẹn, iṣẹ́ èèyàn méjì ni wọ́n á máa wá kiri títí wọ́n á fi ṣubú síbì kan. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

"Màmá ti di ẹrù."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti di ẹrù, Àǹtí."  Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo sì rí i pé ó ti sunkún kí n tó dé.

Bọ̀ọ̀dá dìde. "Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ má bá ara yín jà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n yan nǹkan yìí kó tó bàjẹ́." Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ààrò. Nígbà tó jinná, kò sí ẹni tó lè jẹ ẹ́ nínú wa. Àwọn ìbejì ló ti ilé ìwé dé tí wọ́n jẹ ilé náà, tí wọ́n fi bọ́tà sí i, tí wọ́n sì tún jẹ owó ilé ìwé ara wọn.

Nígbà tí a sọ iye tí agbára wa ká fún Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ó wo ìdí rẹ̀ títí bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó kéré jù. Ilé tó mú wa lọ wà ní igun òpópónà, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí èèyàn méjì kò lè pàdé ara wọn níbẹ̀ kí ọ̀kan má yà fún èkejì. Pálọ̀ kò sí. Ọ̀dà ògiri ti ń ṣí. Ṣùgbọ́n kò ní àtẹ̀gùn rárá, gbogbo ẹni tó bá sì ń lọ wọ ọkọ̀ ní àdúgbò yẹn, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ojú tí mo rí pọ̀ ju èyí tí Màmá ti rí láti ọjọ́ tí kò ti sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Bọ̀ọ̀dá wo yàrá ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀dì kan àti àga kan ló máa gbà. Kò dùbúlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ti Màmá nìyí. Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ á wà níwájú."

Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Èmi, àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìránṣọ, inú yàrá kan. Ẹ̀rọ yẹn ń dún látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá yín wà nínú èkejì. Ibo lẹ ó ti máa sùn?"

 Bàbá Kọ́kọ́rọ́ jáde síta, bóyá ojú ló tì í. Bọ̀ọ̀dá fi èjìká ti ilẹ̀kùn, mo rò pé ó ti tún sùn. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀.

"Ìgbà wo ni Màmá ń sùn?"

Mo ní, "Lálẹ́."

"Ta ló máa ń rí mi nílé lálẹ́? Tí mo bá dé láàárọ̀, wọ́n á ti jí, wọ́n á ti jókòó síta pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn. Bẹ́ẹ̀dì kan náà ni. Orí la ti ń kà látọjọ́ yìí, a ò ka àsìkò."

Ó kù díẹ̀ kí n pàtẹ́wọ́. Ojú Ìyá Ìbejì ni kò jẹ́ kí n pa á. Ó ní, "Iṣẹ́ ọ̀sán ńkọ́?"

Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyẹ̀fun kúrò lápá.

"Ẹ ti ń retí ẹ̀ látọdún yìí wá. Ọkùnrin yẹn ń padà bọ̀. Ọ̀gá yín ti ṣèlérí fún yín. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lálẹ́, ẹ lè tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó fara dà á."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹní," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Méje tí o kà lọ́jọ́ sí, owó òru wà nínú ẹ̀. Wọ́n ń san nǹkan lé e fún àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ òru. Ìyẹn kì í wú, kì í sì í fọn. Tí mo bá ṣáà ti wà lóru, ó wà. Ó tó ọ̀kan nínú méje yẹn. Tí mo bá bọ́ sí ọ̀sán, mẹ́fà ló kù, ilé yìí náà lọ nìyẹn."

Ìyá Ìbejì yíjú sí ògiri. Ó ń fi èékánná họ ọ̀dà tó ń ṣí. Ó ní, "Torí kẹ́ ẹ lè sinmi ni mo ṣe gé ilé náà kù."

"O sì gé e kù dáadáa. Mò ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, mo wá fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ṣé kì í ṣe ìsinmi nìyẹn?" Ó sọ ọ́ bí ẹni ń dá aláìsàn lọ́kàn le. "Mo ti mọ̀ ọ́n sùn lọ́sàn-án, o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mi ò lè wo ojú ìkankan nínú wọn. Mo ti bá obìnrin yẹn jà nítorí pé ó gé yàrá ìyá mi kúrò. Wàyí o, ìyá mi ti rí yàrá, mo sì ti rí ohun tí wọ́n fi rà á.

Bọ̀ọ̀dá bẹ gbogbo wa pé kí a má jẹ́ kí Màmá mọ̀. Ó ní kí ó máa rò pé yàrá náà tirẹ̀ nìkan ni. Tó bá gbọ́ pé bẹ́ẹ̀dì ọmọ òun lòun ń sùn sí, á ní òun kò sùn mọ́, á lọ jókòó sórí àga mọ́jú. Gbogbo wa mọ̀ pé á ṣe bẹ́ẹ̀. A bá sọ fún un pé yàrá iwájú ni Bọ̀ọ̀dá ń sùn sí, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Ọmọ yẹn lè sùn nídìí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbá," kò sì bi wá ní nǹkan kan mọ́.

Èmi àti káfíńtà la gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àga kan náà. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ó ní kí káfíńtà dúró kí òun wo ojú rẹ̀. Ó wò ó dáadáa, ó ní, "O ti darúgbó o." Káfíńtà ní, "Àtẹ̀gùn yín ni, Màmá." Mo padà sókè lọ́jọ́ náà, mo rí ife mi níbi tí mo gbé e sí, mo sì jókòó ti fèrèsé fún ìgbà pípẹ́, mò ń wo àtàrí àwọn èèyàn.

Lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi Bọ̀ọ̀dá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń tẹ́ ẹní sí. Ìyá Ìbejì á lọ bá a níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di àlè nínú ilé ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má ṣèyọnu. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, tí wọn ò bá tíì sùn lọ kí n tó dé, ọpẹ́ ni." Látìgbà tí mo ti bá a jà, a ti rẹ́, kò sì sí ẹni tó bẹ ẹnì kejì.

Kò pẹ́ tí wọ́n kó débẹ̀ tí mo lọ kí Màmá. Ó fà mí mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìwọ, ta ló ń da ìyẹ̀fun sórí ìrọ̀rí mi?"

Mo ní bóyá eku ni.

"Eku tó ń ṣe búrẹ́dì?"

Mo wo ilẹ̀. Ìyá tó bí èèyàn kò ṣe é tàn. Màmá ń fi ọwọ́ pa orúnkún. Mo ń retí kó ní kí n gbé òun padà sókè. Ó ní, "Ibo ló tún ní tó lè sùn sí?"

"Kò sí, Màmá."

"Ó dáa. Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń tan ara wọn jẹ dòní nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Màmá á ti dìde, orúnkún á máa han, òun náà á máa kùn sí i. Á yí ìrọ̀rí dà kí ibi tó tutù lè wà lókè. Á fa aṣọ bo fèrèsé kí òòrùn má wọlé. Á wá jókòó síta lórí àpótí, bí ẹni tí kò sí ohun tó kàn án. Bọ̀ọ̀dá á dé, á dọ̀bálẹ̀ kí i, á ní òun ń lọ sùn ní yàrá iwájú. Màmá á ní, "Ó dàárọ̀ o, ọmọ mi," ní àárọ̀ kùtùkùtù. Bọ̀ọ̀dá á kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì dùbúlẹ̀ síbi tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Láti òkèèrè ni mo ti rí Màmá lórí àpótí, àwọn èèyàn ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ wọ ọkọ̀, wọ́n pọ̀ bí omi. Mo ti la ẹnu láti kí i bí mo ṣe máa ń kí i. Ó na ìka sí mi, ó tún fi ìka náà lé ètè.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá ń rí ohun tó ń ṣe. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń bọ̀, wọ́n ń pariwo. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n dákẹ́ fúnra wọn, wọ́n kúnlẹ̀ kí i láìfọhùn, wọ́n kọjá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn. Obìnrin tó ń ta nǹkan kiri gbé ohùn rẹ̀ mì níwájú ilé, ó fi orí kí Màmá. Ọlọ́kadà kan paná ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ tì í kọjá. Ó ti kọ́ gbogbo àdúgbò. Ìyá mi tó wá ohùn èèyàn títí, tó di ẹrù nítorí rẹ̀, òun ló ń pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

Mo bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Màmá, kò sú yín?"

 Ó ń wo ojú àwọn tó ń kọjá. Lẹ́yìn náà ó fà mí mọ́ra, ó yí orí sí apá ibi tí fèrèsé yàrá ẹ̀yìn wà.

"Tẹ́tí," ló wí. "Ó ń hanrun."

Mo tẹ́tí. Mo gbọ́ ọ.